Uncle Yíká Kó Fọ́tò Ìkòsí Lọ sí Amẹ́ríkà

Orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Fọlá Adédiwúrà, Onífọ́tò Ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìkòsí tí ẹ béèrè Fọlá, wíwò ni wọn yóò máa wò yín. Uncle Yíká ni kí ẹ béèrè. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fún un lórúkọ yẹn: "Ẹ jẹ́ n yíká ná." Ohun tí èèyàn ń sọ ní Mile 12 nìyẹn tó bá ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta tòmátì, tí kò fẹ́ rà á, tí kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń tà á bú òun. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á yíká, á padà wá rà. Uncle Fọlá lè yíká láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí ata igba náírà. Mo ti rí i tó ń ná ìgbálẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà kan, wọ́n sọ iye abẹ́rẹ́ ibà fún un nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ ń gbóná, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yíká ná.

Èmi ni mo ni káfè tó fara ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mummy Success ni wọ́n ń pè mí. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò sì ṣàjèjì sí mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń ròyìn yìí náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ fọ́tò yà. Ọmọ tó ń ké bọ̀ láti ojúde ilé wọn, tó bá ti dé iwájú kámẹ́rà Uncle Fọlá, ẹ̀rín ni. Gbogbo ọmọ Ìkòsí tó jáde nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, gbogbo ẹni tó ṣe ìrìbọmi, gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Lọ́dún 2004 ló pa fíìmù tì, tó ra kámẹ́rà tó ń kó fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà náà dára. Kọ̀ǹpútà tó ń kó o sí ló jẹ́ ẹrù òkúta. Tòkúnbọ̀ ni, dísìkì inú rẹ̀ kéré, ó sì ti ń kún. Wọ́n ní kó ra òmíràn, ó ní òun ṣì ń yíká.

Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ọmọ Dorothy wà.

Nọ́ọ̀sì ni Dorothy, òpópónà tó wà lẹ́yìn wa ló ń gbé. Ó bí ọmọbìnrin kan, Jayé. Lọ́dún 2005, ibà mú ọmọ náà ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ ti kó aṣọ ọmọ náà, bàtà rẹ̀, abọ́ tó fi ń jẹun, àti gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri àti nínú álíbọ́ọ̀mù, wọ́n kó o lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sọ, kí ìyá má bàa máa rí i, kí ẹkún lè tètè tán. Wọn kò ro ibi. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún àwọn ìyá tiwọn nìyẹn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi Dorothy.

Ohun tó ṣẹ́kù lára Jayé láyé yìí ni fọ́tò mọ́kànlá tí Uncle Fọlá yà fún un lọ́jọ́ tó jáde jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wọ aṣọ ìgboyè, fìlà bo iwájú orí rẹ̀, eyín iwájú méjì ti ká. Dorothy wá bá Uncle Fọlá ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun. Níbo ni yóò tọ́jú rẹ̀ sí tí ìyá ọkọ kò ní rí i? Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ìyẹn nìkan ló kù."

Uncle Fọlá fi ọwọ́ kan àyà. Ó ní lójú ẹ̀mí òun, láéláé.

Nígbà tó di ọdún 2006, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Tó bá tàn án láàárọ̀, èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri á gbọ́ dísìkì rẹ̀ tó ń lọ kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Mo sọ fún un pé kó wá ibi tí yóò kó fọ́tò wọ̀nyẹn sí kó tó pẹ́ jù. Ó gbà. Ó ní òun yóò ṣí ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti lè máa wo fọ́tò wọn, ibẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ yóò máa gbé, kúrò ní Ìkòsí pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá nìyẹn. Ó kù kó wá ẹni tí yóò yá a ní ààyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí oṣù mẹ́jọ ni Uncle Yíká fi yíká. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ṣẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ni yóò bunijẹ?

Ó ra ìwé àkọsílẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sí i bíi ti tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ. Orúkọ àwọn tó ń ta ààyè wà lápá òsì, iye tí wọ́n pè wà lápá ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Erékùṣù. Wọ́n fún un ní ìgò omi tútù kan, wọ́n ní kó jókòó sórí àga aláwọ, wọ́n ní ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lọ́dún. Ó mu omi tán, ó béèrè bóyá òun lè mú ìgò rẹ̀ lọ, ó ní òun ń yíká.

Ti òkè òkun gan-an kò wọ́n. Àmọ́ káàdì ni wọ́n ń gbà, kò sì sí káàdì Nàìjíríà tí wọn kò ní rò pé olè ló mú un wá. Ó ní àbúrò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Levi, tó lè bá a san án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Levi kì í gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Òun ló bá a ra kámẹ́rà lọ́jọ́sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ná an lórí fóònù lẹ́yìn tó ti rà á tán.

Lẹ́yìn náà ló rí ọ̀fẹ́. Ojú rẹ̀ dán lọ́jọ́ yẹn! Ó wá fi ìwé àkọsílẹ̀ hàn mí, ó fa ìlà méjì sí abẹ́ òdo. Ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ Adédiwúrà? Ó fi fọ́tò ìrìbọmi ìjọ dán ibẹ̀ wò. Kò rántí pé àwọn tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ náà fẹ́ jẹun, pé ìpolówó ni wọ́n fi ń jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyàwó pásítọ̀ kó ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá sí káfè mi kí wọ́n wá wo ohun ìyanu. Mo ṣí i fún wọn. Pásítọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ó wà nínú omi dé ìgbáròkó, ó na ọwọ́ sókè. Ọmọge kan tó wọ pátá àti kọ́múù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí i. Wọ́n ní kí n pa á. Mo tẹ̀ ẹ́, ọmọge mìíràn tún jáde. Oṣù méjì ni ìyàwó pásítọ̀ kò fi kí èmi àti Uncle Fọlá.

Mo tún fún un nímọ̀ràn tó rọrùn jù lọ. Mo ní kó ra dísìkì tòkúnbọ̀ kan ní Ìkẹjà, kó da gbogbo fọ́tò sí i, kí n gbé e lọ sílé mi ní Ògùdù. Olè kò lè wọ Ìkòsí àti Ògùdù lọ́jọ́ kan náà.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mummy Success, ṣé kò sí eku nílé yín?"

Mo padà sí káfè mi. Tí n kò bá tètè kúrò níbẹ̀ ni, ẹnu mi ì bá dá ọ̀ràn.

Èmi náà ni mo wá mú un lọ sọ́dọ̀ Richard ní Gbàgádà. Richard ń gba ààyè ńlá lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ń pín in wẹ́wẹ́ fún àwa tí a kò ní káàdì, bí àwọn tó ń ra ata ní àpò tí wọ́n sì ń tà á ní abọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó wọ awò ojú, bírò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú bébà kan jáde. Gbogbo ohun tí oníbàárà yóò rí gbà ló tò sórí rẹ̀.

"Eighteen thousand lọ́dún, sir. Everything wà níbẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún," ni Uncle Fọlá wí.

"Ah, ọ̀gá! Kò ṣeé ṣe."

"Brother Richard, mo ti yíká o. Eight months. Mo mọ ọjà."

Richard kì í ṣe ará Mile 12. Kò búra, kò pariwo pé ọjà kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó kàn wo bébà rẹ̀. "Email mẹ́wàá ló wà níbí. Ẹ̀yin àti ta lẹ máa lò ó? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan." Ó fi bírò fa ìlà la á kọjá. "Fifteen." Uncle Fọlá mi orí. Richard tún wo bébà, ó dín ààyè kù. "Twelve." Uncle Fọlá dìde, ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Richard yọ ìrànlọ́wọ́ orí fóònù ní òpin ọ̀sẹ̀. "Nine."

Kò sí ìyàwó ilé kan ní Kétu tí kò mọ èyí: tí ẹni tó ń tajà bá ti ń tètè gbà fún ọ, ìsàlẹ̀ agbọ̀n ni kí o lọ wò. Uncle Fọlá mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Èmi ti rí i tó dojú agbọ̀n tòmátì dé lójú àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, iye owó tó ń já wálẹ̀ ti dùn mọ́ ọn débi pé kò wo bébà náà rárá. Ẹnu Richard ló ń wò.

"Seven," ni Uncle Fọlá wí.

Richard bọ́ awò ojú, ó nù ún. "Ọ̀gá, ohun kan ló kù tí mo lè yọ, mi ò dẹ̀ fẹ́ yọ ọ́. Second copy. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa ń kó gbogbo fọ́tò yín sí machine míì, ní ìlú míì, torí ohun tó bá lè ṣẹlẹ̀. Two thousand nìyẹn lọ́dún."

"Kí ló lè ṣẹlẹ̀? Ní Amẹ́ríkà?"

"Uncle," mo ní, "ẹ má yọ ìyẹn."

"Mummy Success, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ọjà mi. Ta ló ń gba ilé méjì fún ara kan?"

Orúkọ Jayé wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní lọ́kàn mi pé àlejò ni mo jẹ́ níbi ọjà náà, pé tí mo bá sọ̀rọ̀ jù, yóò ní mo fẹ́ pín níbẹ̀. Richard fi bírò fa ìlà. Ó ní kó fọwọ́ sí i pé òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́, Uncle Fọlá sì fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ra míìtì páì fún mi, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sì jẹ ẹ́.

Ó tú dísìkì kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sí Gbàgádà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn Richard fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Nígbà tí dísìkì padà dé, Uncle Fọlá pa gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ọmọdé, ó sì ń yangàn kiri pé òun kò tún ní ra dísìkì mọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: FỌ́TÒ YÍN WÀ NÍ AMẸ́RÍKÀ. INÁ KÒ LÈ JÓ O, OMI KÒ LÈ GBÉ E, OLÈ KÒ LÈ JÍ I. Ọjà tà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ tó dáa sí i wá yà. Bàbá kan tí wọ́n ti fi fíìsà dù lẹ́ẹ̀mẹta wá ya fọ́tò mẹ́rin, ó ní ó kéré tán, ojú òun á débẹ̀.

Nígbà tí Dorothy wá, ẹnu Uncle Fọlá tún ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yín ti dé Amẹ́ríkà o!"

Mo fẹ́ gbá a létí. Àmọ́ Dorothy rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín rí.

Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń wá sí káfè mi. Ó máa ń jókòó sí kọ̀ǹpútà kẹta, èyí tó kọjú sí ògiri. Fọ́tò orí ìkànnì náà kò tóbi, bíi páálí ìṣáná ni, ṣùgbọ́n mọ́kànlá pé. Á wo èkíní, á wo èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tí fìlà ti jábọ́ tí Jayé sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àlàfo eyín. Á pa á, á kí mi, á lọ. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rò pé èyí tó tóbi jù nínú oore ni mo ń ṣe yẹn. Èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà márùn-ún. Ìka kan péré ni ǹ bá fi tẹ bọ́tìnì kan kí àwọn fọ́tò náà lè dúró sínú ọ̀kan nínú wọn. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n ní ó wà ní Amẹ́ríkà.

Ní Sátidé kan lóṣù kẹta ọdún 2008, Dorothy jókòó, ojú ìwé funfun ló rí. Ó tún un ṣe. Funfun. Ó yíjú sí mi. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, torí àwọn mẹ́rin yòókù tó wà ní káfè ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lọ láìsí wàhálà.

Ọjọ́ Ajé ni èmi àti Uncle Fọlá wà ní Gbàgádà. Richard ti rù. Dísìkì ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ti kú, kò sì sí ohun tó lè jí i. Ó ní òun ti dá fọ́tò àti fáìlì gbogbo oníbàárà padà láti inú ẹ̀dà kejì, àyàfi àwọn mẹ́ta. Ó lọ mú bébà wá. Ìfọwọ́sí Uncle Fọlá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rẹwà, ó ní ìrù.

Uncle Fọlá kò bínú, kò sì sẹ́. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Brother Richard, mi ò ní kí ẹ wá gbogbo ẹ̀. Ẹ bá mi wá ti ọmọ kan. Mọ́kànlá ni."

"Ọ̀gá, kò sí ńkankan níbẹ̀."

"Ẹ bá mi wá márùn-ún."

"Ọ̀gá Fọlá..."

"Méjì. Ẹ jọ̀ọ́. Kódà kó jẹ́ ọ̀kan."

Richard gbé bírò lé orí tábìlì. Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún pípẹ́, mo sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí. Lọ́jọ́ yẹn, n kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé fi pé, Uncle Fọlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà káfè kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo fún un níyì fún ìyẹn, ẹlòmíràn ì bá ti sá lọ sí ìlú rẹ̀. Dorothy wọlé ní aago mẹ́sàn-án, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Uncle Fọlá sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Ó sọ ti dísìkì, ó sọ ti ẹ̀dà kejì, ó sọ pé òun ni òun ní kí wọ́n yọ ọ́. Dorothy kò ké. Ó jókòó sí kọ̀ǹpútà kẹta bó ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mo ń sunkún.

"Èló ni wọ́n pe ẹ̀dà kejì yẹn?" ló béèrè.

"Ẹgbẹ̀rún méjì," ni Uncle Fọlá wí.

"Lóṣù?"

"Lọ́dún."

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ owó, ó kà á, ó tò ó sórí kíbọ́ọ̀dù níwájú Uncle Fọlá, ẹgbẹ̀rún méjì gééré. Mo ní, "Aunty Dorothy, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó ti bọ́."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó pa báàgì dé, ó dìde. "Tí ẹ bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, Uncle, ǹ bá ti san án."